Ààlẹ̀ ni mo so, ọlọ́pàá kọ́ ni mo pè: ṣé àwọn baba wa ní òfin àbí wọn ò ní?

ỌmọÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun · ọjọ́ Ajé, 6:48 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo, tilé toko. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n má bàa bá àna mi jà.

Ilẹ̀ kan tí mo ń kọ́lé sí wà lọ́nà Òkè-Báálẹ̀. Láti bí oṣù méjì ni wọ́n ti ń jí mi ní búlọ́ọ̀kù. Wọn kì í kó o lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́fà lónìí, mẹ́wàá lọ́túnla, bí ẹni ń bu gààrí nínú àpò. Mo lọ fẹjọ́ sùn níbi tó yẹ kí n lọ, wọ́n ní kí n mú owó epo wá kí ọkọ̀ wọn lè dé ibẹ̀. Mo bá yíjú padà.

Ìyá mi ló ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Òòyà tó ti ká léyín, àjákù ìgbálẹ̀, ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo kan: wọ́n fi àkísà pupa di gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n ní kí n lọ so ó rọ̀ sórí ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù. Wọn ò pe ọfọ̀ kankan sí i lójú mi. Ọjọ́ kejìlá rèé, ẹyọ kan ò dín. Aládùúgbò mi tó kọ "Ṣọ́ra fún ajá" gàdàgbà sára ògiri (kò sì ní ajá), wọ́n ṣì gbé irin rẹ̀ lọ ní Sátidé.

Mo sọ ọ́ lórí oúnjẹ alẹ́. Àbúrò ìyàwó mi tó ń kọ́ nípa òfin ní yunifásítì ní ìyẹn kì í ṣe òfin, ẹ̀rù lásán ni. Ó ní kí òyìnbó tó dé, àṣà la ní, a ò ní òfin. N ò rí èsì fún un. Ẹ̀yin ńkọ́?

---

Lọ́yà_Ọ̀la · 7:31 àárọ̀

Èmi ni àbúrò ìyàwó tí wọ́n ń wí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfisùn.

N ò sọ pé ẹranko ni àwọn baba wa. Ohun tí mo sọ ni pé kí nǹkan tó jẹ́ òfin, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é, kí ẹlòmíì máa fi dájọ́, kí ẹlòmíì sì máa fi ìyà jẹ ẹni tó rú u. Hammurabi ọba Bábílónì, ó ti tó bí 3,800 ọdún báyìí, ó gbẹ́ òfin 282 sára òkúta dúdú kan. Òkúta náà wà ní Paris títí dòní. Ta ló fẹ́ jiyàn pé ìyẹn kì í ṣe òfin? Àwa ńkọ́, òkúta wa dà? Àkísà pupa àti ṣùkù àgbàdo.

---

Bàbá_Akọ̀wé · 9:05 àárọ̀

Àbúrò, o káre. Èmi ti ṣe akọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà jẹ́ kí n fèsì.

Òkúta Hammurabi tí o mú wá yẹn, ṣé o ka ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ ilé kíkọ́? Tí ilé bá wó pa onílé, kí wọ́n pa ẹni tó kọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ọmọ onílé ló pa, ọmọ ẹni tó kọ́ ọ ni kí wọ́n pa. Ọmọ tí kò gbé bíríkì kan rí o! Ìkọ̀wé nìkan kò sọ nǹkan di òdodo.

Tiwa kò sí lára òkúta, ara ènìyàn ló wà. Ẹjọ́ ní àtẹ̀gùn tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ilé ni wọ́n ti ń parí rẹ̀. Bó bá ju ìyẹn lọ, ó di ti baálé agbo ilé. Bó bá di agbo ilé sí agbo ilé, ó di ti ìjòyè àdúgbò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àti ọ̀rọ̀ tó kan ìlú ló ń dé ààfin. Níbi gbogbo tó bá sì dúró sí, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ tọ̀tún tòsì, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

O ní ta ni ń fi ìyà jẹ ẹni tó rú u. Ó dáa. Ìlú tí kò ní báílífù, báwo ni wọ́n ṣe ń gba gbèsè? Ológò ni. Bí o bá jẹ mí lówó tí o ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la, n óò lọ bẹ ológò, ọkùnrin kan tí ojú kì í tì. Ilẹ̀ á mọ́, o ó bá a lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ó ti tẹ́ ẹní síbi tí o kò lè gbà kọjá láì dá a lẹ́sẹ̀ kọjá. Á ní ebi ń pa òun. Bí oúnjẹ bá pẹ́, adìẹ tó bá sún mọ́ ọn ló máa kì mọ́lẹ̀, ì báà jẹ́ tìrẹ, ì báà jẹ́ ti ará ilé rẹ, á ní kí wọ́n sè é fún òun. Gbogbo ẹni tó ń lọ sódò ni yóò gbọ́ orúkọ rẹ àti iye tí o jẹ. Adìẹ ẹni ẹlẹ́ni yẹn gan-an ni ọgbọ́n ibẹ̀. Gbèsè ẹnì kan ti di ọ̀ràn gbogbo agbo ilé nìyẹn, àwọn ará ilé rẹ fúnra wọn ni yóò dá owó jọ kí ọkùnrin yìí lè ká ẹní rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbé ọ lọ sí àtìmọ́lé. O sì san án.

---

Ìyá_Aláró · 10:22 àárọ̀

Ẹ kúuṣẹ́ o. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, ẹ má wo àṣìṣe rẹ̀.

Èmi ò mọ Hammurabi. Nǹkan tí mo mọ̀ ni agbo ilé ìyá ìyá mi, ilé aláró ni wọ́n. Ẹ mọ̀ pé Òṣogbo ìlú aró ni. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń gba aṣọ àwọn oníbàárà, tó ń rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré dípò kó rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Aṣọ á dúdú lójú ọjà. Kó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti di bí ojú ọ̀run nígbà ọyẹ́.

Àwọn oníbàárà wá bínú sí gbogbo ilé. Wọn ò dárúkọ obìnrin yẹn, "àwọn aláró ilé yẹn" ni wọ́n ń wí. Ìyálé ilé pe gbogbo obìnrin sídìí ìkòkò lálẹ́. Ìyá ìyá mi sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó pariwo. Wọ́n kàn gbé aṣọ náà sílẹ̀, wọ́n bu omi sínú abọ́ funfun, wọ́n ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́. Ó ń fọ̀ ọ́, omi ń di aró, gbogbo wọn ń wò ó. Wọ́n ní obì àti àkùkọ kan ni yóò mú wá fún Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró. Odidi oṣù kan sì ni ẹnikẹ́ni nínú ilé kò fi ta ẹ̀lú fún un, tí wọn ò bun un lómi eérú.

Ẹ bá mi bi àbúrò lọ́yà yẹn bóyá ẹ̀wọ̀n oṣù kan ló le jù ni, àbí kí o jókòó ti ìkòkò tí kò ní ẹ̀lú nínú láàárín àwọn tó ń rẹ aṣọ.

---

Àjàlá_Kẹ́ǹtì · 11:40 àárọ̀

Mo kí gbogbo ilé láti England. Àdúgbò tí mo ń gbé níhìn-ín, Kent, ẹ gbọ́ nǹkan tí ọba wọn Æthelberht fi ṣe òfin ní nǹkan bí ọdún 600. Tí o bá gé àtàǹpàkò ẹnì kan, 20 ṣílè. Tó bá jẹ́ èékánná rẹ̀ nìkan, 3 ṣílè. Eyín iwájú, 6 ṣílè lórí ẹyọ kan. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹbí ẹni tí wọ́n ṣe léṣe ló ń gba owó, ẹbí ẹni tó ṣe é ló sì máa ń bá a san án. Bí ó bá pa ènìyàn pẹ̀lú, owó ni, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìdílé méjèèjì á máa pa ara wọn lọ láìdáwọ́ dúró.

Ìyẹn ni pé òyìnbó tó wá kọ́ wa ní òfin, ológò ni òun náà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á.

---

Adùnbí_Ọmọ_Ìyálájé · 12:15 ọ̀sán

Ẹ̀ ń gbádùn ara yín. Ẹ jẹ́ kí n da omi tútù sí i díẹ̀.

Gbogbo òfin tí ẹ ń yìn yìí, ta ni kò gbè? Nígbà tí Orò bá jáde, ta ni ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí? Nígbà tí ọkọ bá kú, ta ni wọ́n ń ṣú lópó fún àbúrò ọkọ? Bàbá Akọ̀wé sọ̀rọ̀ adìẹ tí ológò pa, wọn ò sọ̀rọ̀ ìwọ̀fà. Bàbá yá owó, wọ́n fi ọmọ rẹ̀ lọ sin olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe lóko, èlé nìyẹn. Owó gan-an kò dín kọ́bọ̀ kan. Ọmọ lè dàgbà síbẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ó ní ilé, ó ní àwọn ènìyàn, wọn ò gbọdọ̀ tà á. Ẹrú ńkọ́? Ẹrú tí kò ní agbo ilé, baálé wo ni yóò bá a rojọ́?

Ẹ sì má sọ fún mi pé oyè ń gba obìnrin. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, olówó obìnrin tó ń yá àwọn jagunjagun ní ìbọn àti ẹ̀tù. Ní 1874, nígbà tí Ààrẹ Látòósà kọjú sí i, wọ́n bu ìtanràn lé e, wọ́n yọ ọ́ lóyè, nígbà tó yá wọ́n pa á mọ́ inú ilé ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó dájọ́ wà. Àwọn ìjòyè pé. Gbogbo àtẹ̀gùn tí Bàbá Akọ̀wé kà sílẹ̀ wà níbẹ̀.

---

Bàbá_Akọ̀wé · 12:58 ọ̀sán

Adùnbí ọmọ mi, n ò ní jà. Òótọ́ lo sọ. Ẹni tí kò ní ènìyàn kò ní ẹjọ́. Ibẹ̀ ni ilé wa ti ń jò.

---

Òpìtàn_Gbọ̀ngán · 2:10 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹlòmíì wá, ẹ ó rí i pé kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn Nuer ní Gúúsù Sudan, màlúù ni wọ́n ń sìn. Evans-Pritchard, òyìnbó kan tó ń kọ́ nípa àṣà ènìyàn, lọ bá wọn gbé ní bí 1930, ó ní wọn ò ní ọba, wọn ò ní adájọ́, síbẹ̀ ìlú wọn ò tú. Ẹni tó bá pa ènìyàn á sáré lọ sílé ọkùnrin kan tó máa ń ró awọ ẹkùn. Kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu, títí ọkùnrin yẹn yóò fi sín in ní gbẹ́rẹ́ lápá kí ẹ̀jẹ̀ jáde. Àwọn ará ilé òkú á wà níta pẹ̀lú ọ̀kọ̀, wọn ò ní wọlé. Aláwọ ẹkùn yìí á wá máa lọ, á máa bọ̀ láàárín ìdílé méjèèjì, títí wọn yóò fi gbà láti san màlúù, ó máa ń tó bí ogójì. Kò ní ọmọ ogun kankan. Kò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń bínú náà á kọ́kọ́ kọ̀, kí ojú má bàa tì wọ́n, wọ́n á wá ní "nítorí tìẹ la fi gbà".

Nǹkan tó mú mi gbọ̀n rìrì ni pé agbára ọkùnrin náà, ọ̀dọ̀ ilẹ̀ ló ti wá. Àlùfáà ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ẹ wò ó, àwa náà ńkọ́? Ta ni ń dá sí i nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn bá kán sílẹ̀ nínú ìjà? Ògbóni ni. Ẹ̀yin tí ẹ jà lè ti fọwọ́ wọ́nú, kò kan Ògbóni, ilẹ̀ ni ẹ ṣẹ̀, ẹ ó sanwó ètùtù. Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, a-fọkọ́-yẹrí. Lọ́yà_Ọ̀la béèrè òkúta wa. Orí rẹ̀ ló dúró sí. Kí ló dé tí ẹni tó bá fọ̀rẹ́ hàn fi ń jẹ́ ọ̀dàlẹ̀? Kí ló dé tí àjọṣe tí kò gbọdọ̀ bàjẹ́ fi ń jẹ́ ìmùlẹ̀? Ilédì kan, ìyẹn ilé àwọn Ògbóni, wà nínú igbó Ọ̀ṣun níbí, lára àwọn tí Àdùnní Olóòrìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ. Ẹ lọ dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí kò sí èrò.

---

Lọ́yà_Ọ̀la · 4:47 ìrọ̀lẹ́

Ó dáa, mo gbà pé mo fi ẹnu fẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí gbogbo yín sọ. Ológò: àwọn ará ilé ló san án. Ìyá Aláró: gbogbo ilé ló jókòó wò ó. Kent: ẹbí. Nuer: ìdílé. Òfin tó gbára lé pé kí olúkúlùkù mọ ilé tí olúkúlùkù ti wá ni.

Òṣogbo òní ńkọ́? Ẹni tó yá yàrá kan ní Òkè-Fìà lánàá, tó ti Èkó wá, tí yóò lọ sí Abuja lọ́tùn-ún, ta ni baálé rẹ̀? Ilé ta ni ológò yóò tẹ́ ẹní sí? Ìdí nìyí tí ìlú ńlá fi nílò ìwé, adájọ́ àti ọlọ́pàá. Kì í ṣe pé òyìnbó gbọ́n jù wá lọ. Èrò ló pọ̀.

---

ỌmọÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun · 5:03 ìrọ̀lẹ́

Ọmọkùnrin yìí gbọ́n o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jọ.

---

Bàbá_Akọ̀wé · 6:20 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó dáa jù lọ tí ẹnikẹ́ni ti sọ láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n má rò pé ìwé ti lé àṣà jáde nílé ẹjọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ẹjọ́ ogún tí n ò lè kà tán, méjì náà ni ìjà ibẹ̀: ìdí-igi àti orí-ò-jorí.

Bí bàbá kú, tó ní ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án, tó jẹ́ pé ìyàwó kan bí ọmọ kan ṣoṣo, òmíràn sì bí púpọ̀. Ìdí-igi ní ká pín in sọ́nà mẹ́rin, ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan kó tirẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo yẹn ń gba ìdá kan odindi nínú mẹ́rin! Àwọn tí wọ́n pọ̀ nídìí ìyá wọn á ní àfi orí-ò-jorí, ọ̀nà mẹ́sàn-án dọ́gbadọ́gba. Irú ẹjọ́ yìí gan-an, ti Dawodu àti Danmole láti Èkó, ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí-igi kò bá òdodo mu láyé ìsinsìnyí. Ẹjọ́ ń gòkè títí ó fi dé London. Ní 1962 àwọn adájọ́ òyìnbó ní ìdí-igi ṣì ni òfin Yorùbá, àti pé bí ìjà bá dé, olórí ẹbí ló lè sọ pé orí-ò-jorí ni ká fi pín in. Ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ ọ́ pé ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ olórí ẹbí yín.

Òfin ilẹ̀ wa lónìí, àṣà tí kò bá tako òdodo àti ẹ̀rí ọkàn rere ni kóòtù ń gbà. Adùnbí, ẹnu ọ̀nà tí ìwọ àti irú yín lè gbà wọlé bá àṣà wí nìyẹn.

Ohun kan ni n ò rí ní kóòtù fún gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀: tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọ́n gba ìdájọ́ tán tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà padà sílé. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Baálé, iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí wọ́n jọ jẹun kí wọ́n tó dìde. Ó lè rẹ́ ẹnì kan jẹ níbẹ̀ o. Ó máa ń rẹ́ àbúrò jẹ jù.

---

Ọmọ_Odò · 8:34 alẹ́

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti ọ̀sán, kò sẹ́ni tó rántí ẹja.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, ẹ ti rí wọn. Ẹja tó tóbi, wọ́n ń wẹ̀ wá sétí bèbè bí ẹni pé wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò kó wọn. Ìtàn ìlú ní igi tí àwọn Tìmẹ́hìn ọdẹ gé ló wó sódò tó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, òun náà sì figbe ta. Látibẹ̀ ni Lároòyè, ọba àkọ́kọ́, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti bá odò mulẹ̀: ẹ kúrò létí mi, ẹ gòkè díẹ̀, ẹ máa bọ mí lọ́dọọdún, èmi náà á gbè yín. Ẹja tó gba ìrúbọ tó sì fèsì lórí omi ni wọ́n fi ń jẹ Àtáọ́ja, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Nínú igbó yẹn, a kì í pẹja, a kì í dọdẹ, a kì í gé igi.

UNESCO dé ní 2005, wọ́n kọ ọ́ síwèé. Kí wọ́n tó dé, ìlú yìí ti pọ̀ débi tí ilé yí igbó náà ká. Àwọn àlejò tí àbúrò ń sọ náà wà níbẹ̀, àtọmọ Èkó àtọmọ Ẹdó. Ebi sì ń pa àwọn ènìyàn. Ẹja ṣì wà níbẹ̀.

---

Lọ́yà_Ọ̀la · 8:50 alẹ́

Ẹja yẹn dùn mí. N ò ní èsì. N óò sùn lé e.

---

ỌmọÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun · ọjọ́ Àìkú, 9:17 àárọ̀

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́ látọjọ́ Ajé. Nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ní òwúrọ̀ yìí, kí n tó fọ ẹnu tán, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó mú ọmọkùnrin kan lọ́wọ́. Mo mọ ọmọ náà! Ó ti ru ìyẹ̀pẹ̀ fún mi rí lórí ilẹ̀ yẹn. Bàbá náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ó ní òun ń gba ibẹ̀ kọjá, òun rí àkísà pupa, ara òun sọ fún òun, òun bá lọ wo ẹ̀yìn ilé àwọn. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò wo ojú mi. Búlọ́ọ̀kù mẹ́tàlélógójì ni wọ́n kà, mọ́kànlélógún ṣì wà, ó ti fi ìyókù mọ ilé adìẹ. Wọ́n ní yóò wá máa bá mi ṣiṣẹ́ ní Sátidé títí yóò fi san án tán. Mo ní ó ti parí.

Lọ́yà mi jókòó nínú pálọ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ àdúgbò náà kúkú ni."

---

Adùnbí_Ọmọ_Ìyálájé · 9:41 àárọ̀

Ìwọ̀fà lẹ gbà yẹn o! Ẹ rí i pé ẹ fún un lóúnjẹ.

---

ỌmọÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun · 10:02 àárọ̀

N óò máa fún un, Adùnbí. Wàhálà tó kù báyìí kì í ṣe tirẹ̀. Mo lọ tú ààlẹ̀ kalẹ̀, mo gbé e wá sílé, ìyàwó mi wá rí òòyà ibẹ̀. Ó ní eyín méjì péré ló ti ká lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó fi sórí tábìlì òun, òun sì ti wá a títí. Ó ní ta ló ká ìyókù. Ìyá mi ti gbé báàgì wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.